Wọ́n ń gé ilẹ̀ ìsìnkú ìlú wa tà: òfin wo ló wà nílẹ̀, irú òfin wo ni kí a sì béèrè fún?

Akọ̀wé Ìlú, Ìjùmú:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, òkun o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ìlú wa ní Ìjùmú tí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú ní kí n bá àwọn kọ ìwé lé lórí, nítorí èmi ni akọ̀wé wọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ òfin kí n tó fi kálàmù kan tákàdá.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó jáde sí oko ni itẹ́ òkú ìlú wa wà. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni ìdílé kan ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ìlú. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sin síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí gba apá ìsàlẹ̀. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn bàbá wa fi ṣe é, ó sì tó wọn nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tó lè rò ó pé ọmọ ènìyàn yóò fẹ́ kọ́lé sórí sàárè. Nísinsin yìí tí ilé ti kàn án, àwọn kan nínú ìdílé tó yọ̀ǹda ilẹ̀ ti ń gé e ní pílọ́ọ̀tì tà. Ẹnì kan ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sí igun rẹ̀ kan, àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀ búlọ́ọ̀kù sì ti ń jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo fojú ara mi rí sàárè kan tí wọ́n fọ́ kọnkéré orí rẹ̀ sí méjì, tí wọ́n fa irin inú rẹ̀ yọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, tí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí sì dojú bolẹ̀ nínú koríko.

Èyí tó mú ìlú gbaná jẹ ni pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n bá sàárè tuntun kan tí wọ́n ti hú, orí òkú kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tẹ àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n sì ti gba béèlì wọn. Ohun tí a gbọ́ ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kò ju pé wọ́n wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá ń sọ ní gbangba pé bí ọwọ́ bá tún tẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn kò ní mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òfin kan ti wà tó dáàbò bo itẹ́ òkú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọwọ́ ta ni ìtọ́jú rẹ̀ sì wà. Bí a bá sì ní kí aṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́kọ́jà gbé àbádòfin kan dìde, kí ni kí ó wà nínú rẹ̀? Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ẹ̀wọ̀n gbére ni kí a béèrè fún. Ẹnì kan tún fi abala òfin kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó ní sísin òkú sínú ọgbà ilé ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Agbẹjọ́rò Kábbà:

Akọ̀wé, òkun o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti WhatsApp kúrò lọ́nà, nítorí abala yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Abala 246 nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn ti gúúsù, ni, òótọ́ sì ni pé ó sọ pé ẹni tó bá sin òkú sínú ilé tàbí ọgbà, tàbí sí ibi tí kò tó ọgọ́rùn-ún yáàdì sí ilé tí ènìyàn ń gbé, láìgba àṣẹ ìjọba, lè fi oṣù mẹ́fà jura. Ṣùgbọ́n gúúsù ni wọ́n ń lo Criminal Code. Yorùbá ni àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, ṣùgbọ́n Àríwá ni ìjọba òyìnbó pín wa sí: Kabba Province ni wá, a bá Kwara lọ ní 1967, a sì di ara Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Penal Code tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960 ló bá wa rin gbogbo ọ̀nà yẹn dé ibí. Láti ara òfin Sudan ni wọ́n ti ṣe àwòkọ rẹ̀, ti Sudan náà sì jáde láti ara ti India. Nítorí náà, òfin tí aládùúgbò wa ní Èkìtì ń kà sí wa létí lè má jẹ́ òfin tiwa rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò kan tàbí òkè kan péré ló wà láàrin wa.

Nínú Penal Code, láàrin àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà fún ẹni tó bá rú òfin wọ ibi ìsìnkú, tó bá tàbùkù òkú ènìyàn, tàbí tó bá da ìpéjọ ìsìnkú rú. Ibi tó ti le ni pé olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó wà lọ́kàn ẹni náà láti dun ẹlòmíràn tàbí láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ wọ́lẹ̀, tàbí, ó kéré tán, pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe yóò dun ènìyàn. Ẹni tó ń wa yẹ̀pẹ̀ yóò ní yẹ̀pẹ̀ ni òun ń wá. Ẹni tó ra pílọ́ọ̀tì yóò ní igbó ni wọ́n fi han òun. Bí kò bá sí ọgbà, tí kò sí pátákó, tí kò sì sí ìwé, ta ni yóò já wọn nírọ́? Ẹni tó hú òkú tó sì gé orí rẹ̀ kò ní irú àwáwí yẹn, ìdí nìyí tí ó fi yà mí lẹ́nu pé ẹ̀sùn ìwọlẹ̀-onílẹ̀ nìkan ni ẹ gbọ́. Kí ìlú kọ ìwé sí ọ́fíìsì olùdarí ìpẹjọ́ ní Mínísírì Ìdájọ́ ní Lọ́kọ́jà, kí wọ́n sì ní kí ó pe fáìlì ẹjọ́ náà wò. Abala 211 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún Attorney-General ìpínlẹ̀, ìyẹn agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, lágbára láti gba ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó sì máa bá a lọ. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀sùn kéré, wọ́n lè fi èyí tó tọ́ kún un.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ yín, ẹ pè wọ́n kí ẹ sì bá wọn sọ ojú abẹ níkòó. Ẹni tó bá lu afurasí pa ti di apànìyàn lójú Penal Code, ikú sì ni ìyà rẹ̀ lè yọrí sí. Pé ẹni tó pa jẹ́ afurasí kò ní mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi èèwọ̀ ìlú dí àlàfo òfin: abala 36, ẹsẹ kejìlá, nínú ìwé òfin kan náà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, tí a kò sì kọ ìyà rẹ̀ síbẹ̀. Ètùtù tí àwọn àgbà bá fẹ́ ṣe, kí wọ́n ṣe é. Ìtanràn tí wọ́n bá fi túláàsì gbà lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi lè sọ àwọn fúnra wọn di olùjẹ́jọ́.

Lójú tèmi, ẹ̀wọ̀n gbére tí àwọn kan ń béèrè yìí kò ní gbà yín. Bí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ bá tilẹ̀ wúwo, ilé ẹjọ́ ṣì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí tó mú iyèméjì kúrò kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ̀rí gan-an sì ni ẹ kò ní. Ohun tí àbádòfin yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí a mọ ibi tó jẹ́ itẹ́ òkú nípa ìwé, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun kò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a wá máa sọ̀rọ̀ ìyà.

Wolé-wolé àtijọ́, Ìsánlú:

Mo kí akọ̀wé, mo kí agbẹjọ́rò. Mo ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì fẹ́ dá ẹni tó béèrè pé ọwọ́ ta ni ìtọ́jú itẹ́ òkú wà lóhùn. Ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò fi í pamọ́: nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n kọ dídá itẹ́ òkú sílẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn aláìní àti aláìlera. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ iṣẹ́ kíkọ orúkọ àwọn tó kú sílẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé ìgbà wo ni ẹ ti rí òṣìṣẹ́ káńsù kan pẹ̀lú àdá nínú itẹ́ òkú. Bí ìwé yín bá dé Lọ́kọ́jà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ alága ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ ti fo ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún àbádòfin yín ni ọ̀rọ̀ omi. Bí ilẹ̀ wa ṣe rí ni pé àpáta wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò sì nípọn ní ọ̀pọ̀ ibi. Inú ilẹ̀ rírọ̀ yẹn ni omi kàǹga wa máa ń sun sí. Inú rẹ̀ náà ni a ń sin òkú sí. Mo ti dúró lórí sàárè tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́, tí dígà kan àpáta nígbà tí ihò kò tíì ju ìbàdí ọkùnrin lọ, tí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ nu òógùn wọn nù tí wọ́n sì ní ó ti tó, kí wọ́n gbé sìmẹ́ńtì wá. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni. Kàǹga ìdílé wà níwájú ilé, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ dà sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé sàárè kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kàǹga tí ènìyàn ń mu ju àádọ́talénígba mítà lọ, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ odò tàbí ìsun omi ju ọgbọ̀n mítà lọ, omi kò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ihò nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Mi ò sọ pé kí a gbé ìwọ̀n tiwọn wá síbí wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí ọgbà ilé wa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí òfin wa náà dárúkọ ìwọ̀n kan. Nígbà tí ibà Lassa bá sì pa ènìyàn, tí àìsàn yẹn kò sì jìnnà sí wa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ wíwẹ òkú àti gbígbé e lọ síbi ìsìnkú ti kúrò ní ti ìdílé nìkan. Ẹni tó fọwọ́ kan òkú yẹn láìwọ ìbọ̀wọ́ lè gba àìsàn náà lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú: ó yẹ kí òfin tuntun náà fòpin sí sísin òkú sínú ọgbà ilé láàrin ìlú. Bí gbogbo ènìyàn bá ń gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú ìlú, ìlú yóò tọ́jú rẹ̀. Ara ìdí tí itẹ́ òkú fi di ibi ìkọ̀sílẹ̀ ni pé àwọn tó lówó lọ́wọ́ kì í sin ti wọn síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Bùnú:

Ẹ̀yin àgbà, òkun o. Bàbá wa wolé-wolé, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí ti ọgbà ilé. Ní Bùnú tí mo ti wá, ìsìnkú olóyè kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé jáde lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ẹ mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a ń lò nígbà ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Ẹni tí a fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bu ọlá fún, inú ilé rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí ó sùn sí. Ohun mìíràn tún wà tí agbẹjọ́rò kò mẹ́nu bà: sàárè bàbá nínú ọgbà ni ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní pé ilẹ̀ yẹn jẹ́ tiwọn. Bí ìjọba bá ní kí a má sin òkú sílé mọ́, láìfún wa ní ìwé ilẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ọmọ onílẹ̀ ń bẹ̀rù ni wọ́n mú kúrò yẹn. Ẹ jẹ́ kí òfin sọ bí ihò yóò ti jìn tó àti bí yóò ti jìnnà sí kàǹga tó. Kí ó fi ìyókù sílẹ̀.

Èyí tí mo tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ rò jinlẹ̀ ni àwọn sàárè tí kò sí nínú itẹ́ òkú kankan. Nígbà tí àwọn Nupe ń kó wa lẹ́rú ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá lọ. Nígbà tí àlàáfíà dé tí wọ́n sì la ọ̀nà, a sọ̀ kalẹ̀, a fi àwọn bàbá wa sílẹ̀ sí ahoro. Àwọn ahoro yẹn wà káàkiri Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ẹni tí kò mọ ìtàn sì máa rò pé igbó lásán ni. Àwọn awakùsà ti wà nínú igbó wa. Ẹ̀yin ará Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ mọ ohun tí wíwa góòlù àti òkúta iyebíye ń sọ ilẹ̀ dà. Ẹ̀rọ tí ń wú ilẹ̀ kò mọ ohun tó yàtọ̀ láàrin òkúta àti egungun.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó gbè wá. Òfin ìwakùsà ti orílẹ̀-èdè, ti 2007, sọ nínú abala kẹta rẹ̀ pé ìwé àṣẹ ìwakùsà kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti wa ilẹ̀ tó jẹ́ ìlú, abúlé, ọjà, ibi ìsìnkú, ojúbọ àwọn bàbá ńlá tàbí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀rọ̀ ìwakùsà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Ilé Aṣòfin Kogí kò lè ṣe òfin lé e lórí, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe òfin tó kọ àwọn ahoro wa sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ibi ìsìnkú, kí ẹni tó bá fẹ́ wa kùsà lè bá a níwájú. Ibi tí mo sì ti gbà pẹ̀lú agbẹjọ́rò nìyẹn.

Ọmọ Mọ̀pà ní Virginia:

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ìhín Virginia ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú ṣe níbí náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀.

Ní Virginia níbí, ọ̀pọ̀ sàárè àtijọ́ ló wà nínú oko àdáni, nítorí oko ni wọ́n ti ń sin àwọn ènìyàn láyé ìgbà kan. Oko náà lè ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé wọn láti ìran mélòó kan. Òfin ìpínlẹ̀ wá sọ pé ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ àti ìbátan olóògbé, àti àwọn tó ń wádìí ìtàn ìdílé, wọlé wá sí ìdí sàárè, bí wọ́n bá ti sọ fún un ṣáájú ní ìwọ̀n tó yẹ. Ẹni tó ra ilẹ̀ rà á pẹ̀lú ẹ̀tọ́ yẹn lórí rẹ̀. Mo rò pé èyí yóò wúlò fún yín gan-an, nítorí àwọn pílọ́ọ̀tì kan ti bọ́ lọ́wọ́ yín náà, kò sì dájú pé gbogbo wọn ni yóò padà.

Florida ni mo ti rí èyí tí mo fẹ́ràn jù. Òfin wọn sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ tó sì kan egungun ènìyàn gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ó sì ké sí àwọn aláṣẹ. Dókítà ìjọba tó ń wádìí ikú ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n pa ẹnì kan ni. Bí egungun náà bá ti tó ọdún márùndínlọ́gọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ti onímọ̀ ìwalẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìpínlẹ̀. Ẹ wò ó bí òfin kan ṣoṣo ṣe so ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ìtàn àti ọ̀rọ̀ ààbò pọ̀.  Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba irú sàárè bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

Ẹ má sì rò pé wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Sàárè àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n pa rẹ́ jù níbí. Ní 1991 ni wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ní Manhattan tí wọ́n bá itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà, àwọn ẹrú àti àwọn òmìnira, tí ìlú New York ti kọ́lé bò mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n kó òkú tó ju irínwó lọ jáde kí àriwo àwọn ènìyàn tó mú kí iṣẹ́ dúró. Ọdún 2003 ni wọ́n tó dá wọn padà sínú ilẹ̀. Ní Tampa, ní Florida kan náà, wọ́n rí itẹ́ òkú àwọn ènìyàn dúdú tó ń jẹ́ Zion ní 2019, lábẹ́ ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Lẹ́yìn irú àwárí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òfin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Egungun tiyín kò tíì parẹ́, àwọn tó mọ ẹni tó wà nínú sàárè kọ̀ọ̀kan sì ṣì wà láàyè. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ báyìí.

Sọ̀fẹ́yọ̀ Lọ́kọ́jà:

N kò ní pẹ́. Ẹ má dúró de òfin tuntun. Ẹ pe sọ̀fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó wọn ilẹ̀ náà títí kan ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, kí ó rì òkúta ààlà sí igun rẹ̀ gbogbo, kí ó sì fi ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ náà pamọ́ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ilẹ̀ yín kò sí láàrin ìlú ńlá, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára nínú abala kẹfà láti fún ènìyàn tàbí ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alágbàtọ́, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi gba ìwé náà. Ẹ má fi orúkọ ọba, pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù kankan gbà á, nítorí bí ẹni náà bá lọ, ìjà tuntun ni.

Ẹ rí i dájú pé ìjọ àti Mùsùlùmí jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀, àti ìdílé tó yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ìdílé yẹn bá fọwọ́ sí i, ẹ ti bọ́ nínú ìdajì ìdààmú.

Akọ̀wé Ìlú, Ìjùmú:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ fún díẹ̀ lára àwọn ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n gbére sì ti rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà kan ṣì ń sọ pé agbẹjọ́rò kò mọ bí ó ṣe ń dun ènìyàn. A ó kọ ìwé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ àti sí olùdarí ìpẹjọ́. Nínú èyí tí a ó kọ sí aṣojú wa, a ó béèrè fún ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ibi ìsìnkú ní ìpínlẹ̀, àti ahoro pẹ̀lú bí Ọmọ Bùnú ti sọ, a ó sì béèrè fún òfin ìdáṣẹ́dúró bíi ti Florida. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú nínú ọgbà ilé, a ó fi sílẹ̀ ná. Bàbá wa wolé-wolé, ẹ má bínú; bí a bá fi í kún un, òun nìkan ni gbogbo ìlú yóò máa jà lé lórí, àwọn tó ń ta pílọ́ọ̀tì yóò sì máa tà á lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Ní ibi tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀, egungun ti yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kòtò. Àwọn ìyá kan ní ìjọ fẹ́ kó wọn jọ kí a tún wọn sin pẹ̀lú àdúrà. Àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ lọ wó ìpìlẹ̀ ilé yẹn. Kí ni kí a ṣe?

Wolé-wolé àtijọ́, Ìsánlú:

N kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ kàǹga síbẹ̀, ó kéré tán, fún itẹ́ òkú tuntun tí wọ́n bá ń dá sílẹ̀. Kí àwọn ìyá yẹn má sì fi ọwọ́ lásán kan egungun.

Agbẹjọ́rò Kábbà:

Kí wọ́n má tilẹ̀ kan án rárá báyìí. Egungun tó yọ yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹ ní pé itẹ́ òkú ni wọ́n ń wa. Bí ẹ bá kó o kúrò láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́, ẹni tó ń wa yẹ̀pẹ̀ yóò ní ẹ̀yin gan-an lẹ hú òkú. Ẹ fi tapolí tàbí páànù bò ó kí òjò má baà wọ́ ọ lọ, kí ẹ sì kọ ìwé sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́jọ́ kan náà pé ẹ rí egungun ènìyàn, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ọlọ́pàá ni yóò gbé e dé iwájú májísíréètì, ibẹ̀ ni àṣẹ àtúnsin yóò ti jáde. Àwọn ìyá yóò gbàdúrà wọn, kò ní pẹ́ jù.

Ní ti ìpìlẹ̀ ilé, ẹni tó bá wó o yóò dáhùn fún ìbàjẹ́ ohun ìní. Ilé ẹjọ́ gíga ni kí ẹ lọ, kí àwọn ẹbí tí sàárè wọn wà níbẹ̀ àti àwọn aṣojú ìlú jọ pe ẹjọ́ náà ní orúkọ gbogbo ìlú, kí ẹ sì tọrọ àṣẹ pé kí iṣẹ́ dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹ wá ẹbí méjì sí mẹ́ta tó lè tọ́ka sí sàárè bàbá tàbí ìyá wọn láìsí iyèméjì, yálà nípa òkúta orúkọ tàbí nípa ìwé ìjọ. Ẹ ya àwòrán ìpìlẹ̀ náà àti ti kòtò láti igun púpọ̀, kí ẹni kan ṣoṣo sì ya gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fóònù kan, nítorí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé ìjẹ́rìí pẹ̀lú àwòrán tó bá jáde láti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó yà á ló sì máa ń rọrùn fún jù láti buwọ́ lù ú. Òkúta orúkọ tó dojú bolẹ̀ nínú koríko tí ẹ sọ nípa rẹ̀, ẹ yà á bí ó ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dìde.